Píkọ́ọ̀pù Bàbá Rẹ Ti Di Ọkọ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ni ọ́ lára jù? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn kò ní já ọ jù sílẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá jáde láàárọ̀, ire ni wàá bá pàdé, bí o bá wọlé nírọ̀lẹ́, àlàáfíà ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọ. Bí o kò bá ṣe àmín, padà sókè lọ tún un kà, kí o sì ṣe é.

Ara wa le níbí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, àmọ́ wọn kò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ, nítorí náà má bá wọn sọ̀rọ̀ títí wàá fi ka lẹ́tà yìí tán. Mo mọ̀ pé o ti fojú ara rẹ rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, nípasẹ̀ nǹkan dúdú kékeré tí o fi ránṣẹ́, tí mẹkáníìkì fi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ní wàá máa fi fóònù rẹ rí ibi tí ọkọ̀ wa bá wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kí ọ kí n tó jókòó, bàbá rẹ náà kì í sì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì wọ inú ọkọ̀ mọ́. Àmọ́ ohun tí èèyàn bá wò láti òkèèrè, ó lè má yé e tán, ni mo fi ní kí n ṣàlàyé, kí o má baà gba ti bàbá rẹ gbọ́.

Ṣé o rántí pé o ní kí a ta ọkọ̀ náà, pé ó ti darúgbó? Ọmọ mi, àwa náà ti darúgbó, ẹnikẹ́ni ò sì tíì wá dá iye lé wa. Píkọ́ọ̀pù yẹn ti wà kí o tó wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó ẹrù mi sí lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ọkọ, èmi pàápàá sì jókòó lé orí ẹrù náà kí dígí mi má baà fọ́. Bàbá rẹ máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kí ó tó dúdú, omi rédíétọ̀ ni wọ́n sì máa ń wò láàárọ̀ kí àwọn fúnra wọn tó mu omi. Bí wọ́n ṣe ń nu gíláàsì rẹ̀ yẹn, wọn kò nu ojú mi bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí a fi pamọ́ fún ọ. Orúnkún òsì bàbá rẹ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà òjò, kíláàṣì ọkọ̀ náà, tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀, sì le bí ọkàn onílé tó wá gba owó ilé. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ wọn á wọ inú ọkọ̀, wọn á ṣíná, wọn á gbọ́ rédíò tí o rà sí i, wọn á pa á, wọn á sọ̀ kalẹ̀. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ, wọ́n ní àwọn ń mú ẹ́ńjìnnì móoru ni. Ẹ́ńjìnnì móoru títí epo fi tán, ọkọ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àga tí wọ́n ti kàn sílẹ̀, tí kò rí ọkọ̀ gbé e lọ fún àwọn tó ni í, wá kún ibi iṣẹ́ wọn débi pé orí àga oníbàárà kan ni oníbàárà mìíràn ń jókòó sí láti bínú.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ní kí bàbá rẹ bá òun kan bẹ́ńṣì wá náà, ó ní bí bẹ́ńṣì òun kò bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, òun á gbé iṣẹ́ tó kù fún gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ọkọ̀ tuntun.  Bàbá rẹ kàn mú ìfági, wọ́n ń fá igi tó ti dán tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo ní, Bàbá àwọn ọmọ, orúnkún ni, àbí? Wọ́n ní orúnkún ta ni. Mo ní ó dáa, èmi ni màá máa wa ọkọ̀ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún náà mú.

Mẹkáníìkì wa ló kọ́ mi ní pápá bọ́ọ̀lù. Má-fòyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ ń jóná, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ó pààrọ̀ wáyà kíláàṣì kí ó lè rọ̀, ó jó irin àtẹ̀gùn kan mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ti bàbá rẹ, ó sì fi dígí ńlá sí ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò dé ibi tí a ti ń tẹ kíláàṣì. O mọ̀ pé kì í ṣe gígùn ni Ọlọ́run fún mi, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Má-fòyà ní kí a sún ìjókòó síwájú, ìjókòó ti dípẹtà mọ́ àyè rẹ̀, kò sún. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá igi lórí kíláàṣì, lórí bíréèkì, àti lórí ibi tí a ti ń tẹ iná kí ọkọ̀ lè sáré, igi líle tí wọ́n fá dán, tí wọ́n gé ìlà sí lójú kí bàtà má baà yọ̀, tí wọ́n sì fi bóòtì dè pinpin. Ó bá ẹsẹ̀ mi mu gẹ́lẹ́. Mo bi bàbá rẹ pé ta ló wọn ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, bóyá eku ni.

Mo lọ gba ìwé ìwakọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ bi mí pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ni mo ní, mo ní ẹ̀jẹ̀ tútù ni, àfi bí èèyàn bá wá ìjà mi. Ó bi mí bí mo ṣe ga tó, mo dìde kí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní kí n fi ọwọ́ bo ojú kan kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, mo ní kò yẹ kí èèyàn máa ka lẹ́tà ẹlẹ́tà. Ó bẹ̀ mí, mo kà á. Kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó kọ ọ́ kò lọ ilé ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì wá dé. A to bẹ́ńṣì sẹ́yìn ọkọ̀, a fi okùn dè é, bàbá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú wọn. Wọ́n ń sọ pé rọra, mo sì ń rọra, débi pé ewúrẹ́ kan rìn kọjá wa. A dé òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní agbedeméjì. Háńbíréèkì dì í mú díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Mo fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ igi orí bíréèkì mọ́lẹ̀, mo sì rí ojú ìyálọ́mọ kan nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wa. Mo mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ yìí bá yẹ̀, kì í ṣe bẹ́ńṣì nìkan ló máa bà jẹ́. Bàbá rẹ ò bá mi wí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n fi igi há táyà ẹ̀yìn, wọ́n wá dúró níbi tí mo ti lè rí wọn nínú dígí. Wọ́n ní, má wo ẹnikẹ́ni, èmi ni kí o máa wò, ṣíná. Mo ṣíná. Mo rọra tú kíláàṣì sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ gbọ̀n, ó sì gbéra.

Mo mọ̀ pé o pàtẹ́wọ́ níbi tí o wà. Àmọ́ Má-fòyà ti kọ́ mi pé bí ọkọ̀ bá ti ń gun òkè, èèyàn ò gbọ́dọ̀ dúró. Mi ò dúró. Mo gun òkè náà parí, mo sọ̀ ọ́, mo yà sí ilé ìwé, mo gúnlẹ̀ sábẹ́ igi. Àwọn olùkọ́ jáde wá kí mi kú iṣẹ́. Ìgbà tí mo yíjú kí n fi hàn bàbá rẹ ni mo rántí pé mo ti fi wọ́n sílẹ̀ ní agbedeméjì òkè.

Bíríkìlà kan ló fi alùpùpù gbé wọn dé, wọ́n gbá igi táyà mọ́ àyà. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n yí ọkọ̀ ká, wọ́n tẹ táyà wò, wọ́n fọwọ́ ra bẹ́ńṣì bóyá ó họ. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n wá bi mí pé níbo ni mo ti bọ́ sí jíà kejì. Mo ní níbi òpó iná. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ibẹ̀ náà ló yẹ. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n bá òun ṣe bẹ́ńṣì tó kù. Nígbà tí à ń padà lọ, bàbá rẹ ká ẹsẹ̀ jọ, wọ́n sùn lọ.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo wá ń rí i pé bí mo bá jáde, àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́, wọ́n sì ń fún mi láyè. Mo rò pé iná ẹ̀yìn tuntun tí o rà sí ọkọ̀ náà ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Má-fòyà ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá wo ẹ̀yìn. Pákó tuntun ni bàbá rẹ kàn mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ìgbẹ́gi gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i gàdàgbà pé Ẹ YÀ FÚN ÌYÀWÓ MI. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ọ̀dà kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀dà máa ń bó. Mo wọ ilé ìdáná lọ, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí ohun tí mo fẹ́ sè.

Nítorí náà, má sọ pé kí a ta ọkọ̀ mọ́. Fi rọ́bà wáípà ránṣẹ́, ìpara orúnkún, àti owó díẹ̀ fún táyà ẹ̀yìn. Má fi owó náà sínú fóònù mi bíi ti ìjọ́sí o, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga láìjẹ́ kí o tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ohun tí ò ń ṣe fún wa, àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú u.

Èmi ni ìyá rẹ, awakọ̀.