Bàálù Tó Gbéra ní Agogo Méjì, Tó Balẹ̀ ní Agogo Méjì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà ṣì ń rìn láìdi ògiri mú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi lórí àtẹ̀gùn nìkan. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìdáná, ajá wa ti bímọ, télọ̀ aládùúgbò wa sì ti ra fóònù ńlá kan tó ń dáhùn ohun gbogbo.

Fóònù yìí ló jẹ́ kí n mú bíírò. O sọ fún ìyá rẹ pé o ò ní lè wálé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ọ̀nà jìn, kò sì sí àyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá bẹ télọ̀ kó bá mi bi fóònù rẹ̀ léèrè bí pápákọ̀ òfurufú ọ̀dọ̀ yín ṣe jìnnà sí tiwa tó. Fóònù ní ọ̀nà òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ìlú kan náà, ilé kan náà, ta ló sún un? Télọ̀ ní títì ló ń yí òkè po, pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo mi orí bí ẹni tó yé.

Ti agogo ló wá dà mí lọ́kàn rú pátápátá. Bàálù á gbéra lọ́dọ̀ yín ní agogo méjì ọ̀sán, á sì balẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Mo ní kí télọ̀ tún un wò, ó nu ojú fóònù, méjì náà ni. Ṣùgbọ́n tí o bá ń padà lọ, á gbà ọ́ ní wákàtí méjì. Ó ní agogo yín ló fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Mi ò mọ ohun tó ń lé agogo yín.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé wíwálé kò ní ná ọ ní ìṣẹ́jú kan. O lè dìde lórí àga ọ́fíìsì ní agogo méjì, kí o wà lọ́dọ̀ wa ní agogo méjì, kí ọ̀gá rẹ má tilẹ̀ mọ̀ pé o jáde. Pípadà ló ń jẹ àkókò. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí àjò kì í dùn kónílé má relé.

Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ń bà á. Ohùn ikọ́ mi ló fi ń dá mi mọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó ní bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ń gbà wọlé, òun á ṣì rí ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Páànù ń fẹ́ owó, owó ilé ìwòsàn náà ò tíì pé. Jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Télọ̀ ní owó báńkì máa ń dé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà lè dé lójú ẹsẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọ̀nà á là fún ọ, lókè àti nílẹ̀. A ò ní wá ọ tì. Ìyá rẹ ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Bí agogo méjì bá ti lù lójoojúmọ́, á lọ jókòó síbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ