Bébà Òfìfo Tí Àǹtí Gbé fún Fàrídátù

Ìkátẹ̀,
Oṣù Kẹwàá, 1996.

Àyìndé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ṣómólú lọ́hùn-ún? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí ọwọ́ àwọn oníjìbìtì má tó ọ. Ara èmi náà le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Jàmíù télọ̀ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ń ní kó máa kà á padà fún mi, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹnu mi.

Ọ̀rọ̀ Fàrídátù ọmọ rẹ ni. Mo ti mú un kúrò nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Má pariwo, gbọ́ tẹnu mi ná. Wọ́n ní Àǹtí Ọmọ́wùnmí, tíṣà rẹ̀, fẹ́ dán àwọn ọmọ wò, mo bá lọ dúró lójú fèrèsé. Ó fi àwòrán kànga han ọmọ, ó ní kí nìyí, ọmọ ní kànga, àǹtí fa ìlà sínú ìwé. Ó fi igi àgbọn hàn án, ó tún fa ìlà. Ó fi ilé onípáànù hàn án, ìlà! Àyìndé, kí ló wà lórí ilẹ̀ tó kù fún wa lẹ́yìnkùlé? Kànga, àgbọn, ilé onípáànù. Ta ló rán an? Ó tún ní kí ọmọ máa pe orúkọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa pàtẹ́wọ́ sí i, Fà-rí-dá-tù. Ohun tí wọn ò tíì rí gbà, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ lé e lórí.

Èyí tó burú jù ni pé ó gbé bébà òfìfo síwájú ọmọ ọdún márùn-ún, ó ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa rí nítorí bébà òfìfo. Ọ̀kan ṣoṣo ni Akínọ̀ṣọ́ àbúrò bàbá rẹ tẹ̀ka sí, wọ́n lọ kọ ọ́ kún pé a ti ta ilẹ̀ wa, àfi bí katakata ṣe dé tó ń hú ẹ̀gẹ́ wa. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo wọlé, mo já bébà náà gbà, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, ó di ilé.

Àǹtí wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti ń dá ìró ọ̀rọ̀ mọ̀, bóyá ó ti lè kọ a, b, d, kó lè wọ pírámárì, àti pé bí kò bá padà di ọjọ́ Ajé, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì. Mo ní kí òun náà kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà òfìfo fún mi, kó mọ bó ṣe ń rí lára. Ó kọ ọ́! Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó báyẹn, ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ.

Fàrídátù sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ àná ó fa igi kan yọ lára ìgbálẹ̀ mi, ó kọ nǹkan sórí yanrìn, ó ní orúkọ mi nìyẹn. Àyìndé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àtẹ̀ka dúdú nìkan ni mo mọ̀ sí orúkọ mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo fi baàfù dé e kí adìyẹ má baà tẹ̀ ẹ́, mo pe Jàmíù wá kà á, ó ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Jàmíù kì í pè ní òótọ́ bó bá ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mi. Jàmíù, kọ ọ́ bí mo ṣe wí.

Nítorí náà, fi owó ilé ìwé rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, kí ọjọ́ Ajé má baà bá wa nílé. Fi ti pẹ́ńsùlù kún un, torí ìgbálẹ̀ mi ti ń tán lọ, kí o sì rántí oògùn orúnkún mi. Ọmọ tí o bí á ṣe ojú fún ọ lọ́jọ́ tí tìrẹ bá ṣú.

Mi ò tẹ̀ka sísàlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kọ́kọ́ rí i pé bébà náà ti kún, kí n tó gbé e fún Fàrídátù pé kó kọ orúkọ mi. Ìwọ tó kàwé, wò ó dáadáa. Bí kì í bá ṣe èmi, tètè máa bọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, bá mi tọ́jú bébà náà.

Èmi ni ìyá rẹ,

MARIAMU