Dádì Kò Tíì Wọlé

Dádì mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ẹ máa ṣe háà pé Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Èmi tí ẹ máa ń bá sọ Yorùbá, tí mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Corduff dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Kọ̀ǹpútà yín ṣì wà ní igun yàrá ìjókòó, ó ṣì ń kùn. Kò sẹ́ni tó láyà láti pa á. Inú rẹ̀ ni wàhálà tí mo fẹ́ rò fún yín wà.

Sọ́fítíwíà tí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín orí íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń ṣe ni mò ń sọ, èyí tó máa ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó máa ń kígbe bí ẹ̀rọ kan bá ti dákẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Bí ẹ bá ti ti ibi iṣẹ́ yín ní ilé ìkẹ́rùsí ní Mulhuddart dé, ẹ ò tíì bọ́ bàtà, ẹ ti jókòó tì í. Mọ́mì á ní ìyàwó kejì yín ti ń pè yín. Ẹ̀yin lẹ wá kọ apá kékeré kan mọ́ ọn: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí fóònù ẹnì kan nínú wa kò tíì kan Wáì-fáì ilé, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé onítọ̀hún kò tíì wọlé. Bí mo bá pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Clonsilla, orúkọ mi nìyẹn. Mo kórìíra nǹkan náà o. Ọlọ́pàá inú ilé ni mò ń pè é.

Fóònù yín wà nínú àpò Mọ́mì báyìí, ní pípa. Ẹ̀rọ yín ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, orúkọ yín ló ń mú wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. “Dádì kò tíì wọlé.” Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà àkọ́kọ́, mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní tíṣù. Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Mọ́mì kọ̀ jálẹ̀.

“Leave it, jàre. Ṣé ó ń bù ẹ́ jẹ ni?”

Wọ́n máa ń gbé fóònù wọn sórí tábìlì ìdáná, wọ́n á máa dúró dè é. Bó bá ti dé, wọ́n á kà á, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá bu oúnjẹ. Wọ́n ń bu tiyín náà, Dádì. Wọ́n á bò ó, wọ́n á gbé e sínú press tí a ń kó àwo sí. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?

Àwọn ọ̀rẹ́ yín orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀. Wọ́n ń pè yín lójú gbogbo ayé, wọ́n ń bèèrè bóyá ẹ lọ sí ìsinmi ni. Àṣà tiwọn ni pé bí ẹni tó ń tọ́jú apá kan bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sí apá náà lára pé ó ti di ọmọ òrukàn. Bí kò bá sẹ́ni tó gbà á tọ́, wọ́n á gé e dànù. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yẹn lára iṣẹ́ ọwọ́ yín, ara mi bù máṣọ. Mo kọ̀wé sí wọn pé ẹ ti ṣaláìsí. Ó yẹ kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ya dé: ará Poland, ará Brazil, ọ̀kan láti Kenya tó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun fi ń jẹun. Nítorí pé “Ẹ kú iṣẹ́” lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú wọn, Yorùbá kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì ń tò sábẹ́ ìròyìn ikú yín. “E ku ise, sir.” Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi.

Mo ní èmi ni màá tọ́ ọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ẹ̀sùn obìnrin kan tó ń lo apá náà nílé rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Canada, tí ẹ̀rọ náà ṣì ń kígbe orúkọ ọmọ ọ̀hún. Ẹ ò fi ààyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí kò ní padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé agbòjò dání nígbà tí oòrùn ń ràn! Ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ ò fẹ́ rò ó?

Mo kọ ààyè náà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ̀ pé ẹnì kan kì í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín láìkọ́kọ́ dán an wò nílé ara rẹ̀. Nínú ilé tiwa, orúkọ ta ni kí n fi dán an wò? Mo jókòó ti Mọ́mì, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Nígbà tí mo padà, wọn ò wo ojú mi.

“Iṣẹ́ dádì ẹ ni, àbí? Wọn ò gbọdọ̀ gé e dànù. Ó yá, ṣe é.”

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo fi orúkọ yín sí i. Àsìkò tó, fóònù Mọ́mì kò dún. Wọ́n dúró, wọ́n tún dúró. Wọ́n wá dìde, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fi ìdábùú sí ilẹ̀kùn, èyí tí ẹni tó wà níta kò lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, wọn ò fi í síbẹ̀ rí.

Ẹ sùn re, Dádì mi.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.