Abẹ́rẹ́ Andorinha

Lindalva,

Mo ti lọ sí ibojì ìyá rẹ kí oòrùn tó mú. Má bínú pé n kò jí ọ. Kọfí wà nínú fíláàsì, àkàrà tapióka rẹ sì wà lábẹ́ àwo.

Abẹ́rẹ́ tí yóò mú kí ẹyin inú Andorinha, ewúrẹ́ ìyá rẹ, gbó wà nínú fìríìjì. Bí o bá jẹun ọ̀sán tán, gún un ní itan. Yóò dúró jẹ́ẹ́ bí o bá ń họ ọ́ lọ́rùn. Dókítà ẹran ń bọ̀ lọ́la láti kó ẹyin náà, kí ó lè di ọmọ nínú ewúrẹ́ tó kéré sí i, torí Andorinha ti darúgbó jù láti lóyún. Òun nìkan ló sì kù tó ní àmì tí ìyá rẹ máa ń gé sí etí ẹran rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, bàbá ìsàmì rẹ, Eufrásio, dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. “Anselmo, ìyá àgbà yìí lo fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́ kan? Gún un ní méjì, ahun!”

Mo pe dókítà. Ó ní bí oògùn bá pọ̀ jù, ẹyin lè pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní gbó dáadáa. Bí Eufrásio bá padà wá, fún un ní kọfí, kí o sì ti fìríìjì.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà fẹ́ kí wọ́n pọ̀. Bí ẹyọ kan bá gbó, ó tó. Ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí, n kò sì gbọ́ ọ rí kí ó ní ó kù díẹ̀.

Bàbá rẹ