Ọtí Tí Mo Dà Nù Lóko Ọ̀wẹ̀

Olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. Ẹ má dárúkọ mi.

Lágbègbè Kpankou níbí, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí sódàbí lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ mi wà lára wọn. Láti ìgbà òjò ni kò ti fẹnu kan ọtí. Ẹgbẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀, gbogbo abúlé sì jáde ro oko àgbàdo kan, kí a lè fi èrè rẹ̀ tọ́jú wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, alága ẹgbẹ́ gbé bídọ́ọ̀nù sódàbí jáde. Ó bu ife kan, ó nà án sí ọmọ-ọmọ mi! Ọmọ náà ti nawọ́ láti gbà á. Mo já bídọ́ọ̀nù gbà, mo dà á sílẹ̀ pátá.

Alága ní, "Ìyá àgbà, ọ̀wẹ̀ tí kò lọ́tí, ṣé ọ̀wẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní, "Mu omi, aláìnírònú! Ẹnu rẹ ò ní bó."

Wọ́n ní mo tàbùkù àwọn. Àfi kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn yóò lé ọmọ-ọmọ mi kúrò lẹ́gbẹ́. Ọmọ náà sì nílò wọn, torí ìgbà tó bá dá wà ni ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí ọtí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kúnlẹ̀? Tí ẹ bá ní kí n ṣe é, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n alága ń gbọ́ ètò yín, ẹ bá mi sọ fún un: tí mo bá kúnlẹ̀ tán tí mo tún rí ọtí lóko yẹn, orí rẹ̀ ni màá dà á sí.