Àdírẹ́sì Tí Mo Fi Dán An Wò

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Ọ̀gá ní àwọn awakọ̀ wa tó ń gbé ẹrù káàkiri ń ṣìnà jù. Kí n fi àwárí àdírẹ́sì sínú áàpù wọn. Kò le — láíbírì wà fún un, kóòdù táwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀. So ó mọ́ tiwa, tẹ lẹ́tà mélòó kan, ibi tí ò ń wá á yọ lórí máàpù. Mo nílò àdírẹ́sì tí màá fi dán an wò. Èyí tó wà lọ́kàn mi ni mo tẹ̀: ibi tí mo fi àbúrò mi obìnrin pamọ́ sí. “Ilé Àbúrò.” Màá yọ ọ́ tó bá yá.

Ìṣẹ́gun, 5
Ó ṣiṣẹ́! Díẹ̀ ló kù kí n jó lórí àga.

Ọjọ́bọ̀, 7
Áàpù tuntun dé fóònù gbogbo awakọ̀ láàárọ̀. Mo ń yan lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ — ta ni mo pàdé? Akànṣẹ́! Ọkọ àbúrò mi, ẹni tó gbá eyín méjì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ awakọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n ò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ńkọ́?” Mo ní ó ti rìnrìn àjò, ọ̀nà jìn. Ó ní kí n bá òun kí i.

Ẹtì, 8
Mo gbé! Ìyá Ẹlẹ́rù, àgbà nínú àwọn awakọ̀, bi mí pé ta ni Àbúrò yìí, tó jẹ́ pé báwọn bá ti tẹ “Ilé” láti wá ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé, òun ló ń kọ́kọ́ yọ. N ò yọ ọ́! Irú orí wo lèyí? Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo fi áàpù mìíràn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà á sí fóònù rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9
Awakọ̀ mọ́kàndínlógún ti gbà á. Ó ku ẹyọ kan — Akànṣẹ́.
Mo pe àbúrò mi pé kó kó kúrò níbẹ̀. Inú bí i. Ilé kẹta rèé láàárín ọdún kan, ó ní ó ti sú òun. Ó gbà níkẹyìn. Màámi á lọ mú un lọ́la, lọ́sàn-án.

Àìkú, 10
Inú takisí, mò ń lọ sílé àbúrò mi. Bí n ò bá kọ nǹkan, màá pariwo mọ́ onítakisí yìí.
Láàárọ̀ mo rí i pé Akànṣẹ́ náà ti gba áàpù mìíràn. Mo dúpẹ́ títí. Mo wá ní kí n yẹ àkọsílẹ̀ ohun tó ti ń wá wò. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀: “Ilé Àbúrò.” Aago mẹ́wàá ló kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀! Ó ti mọ̀ kí n tó purọ́ fún un. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo pe àbúrò mi. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, n ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ: “Ẹ̀gbọ́n, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀yin lẹ júwe ilé fún òun.”