Ilẹ̀ Tí Mo Sin Ìwọ́ Kúnlé Sí

Berlin, Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹrin, 1994

Wọ́n ti hú ilẹ̀ tí mo sin ìwọ́ Kúnlé ọmọ mi sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún Màmá, ìyá ọkọ mi, ní Hamburg? Àwọn ló ní kí n sin ín síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbẹ́.

Pápá bàálù àtijọ́ tí mo sin ín sí yìí ṣáà dákẹ́ lójú mi nígbà náà. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ ní ọ̀wọ́ bàálù ìjà méjì ló ń gbéra níbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù wọn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi hú u. Mo bi í pé níbo ni wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Ó dáhùn bí wọ́n ṣe ń pe ìyáàfin níbí: "Frau, iyẹ̀pẹ̀ lásán mà ni."

Ara Kúnlé ń gbóná láti àná. Bóyá ìwọ́ tí wọ́n hú yẹn ló fà á...

Mo ti mú ìwé, mo ń kọ lẹ́tà sí Hamburg: Màmá, wọ́n ti hú ibi tí mo sin ìwọ́ Kúnlé sí, kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.